Iná Inú Ògiri

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ta ilé tó ń fi oòrùn tanná, ọ̀dọ̀ Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ ti lọ kọ́ ọ. Àwọn bíríkìlà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí kọ́kọ́rọ́ ilé méjìlá ló ń so mọ́ bẹ́líìtì ìdí rẹ̀. Tó bá ń bọ̀ lókèèrè, ariwo wọn á ti ṣáájú rẹ̀ dé, ẹni tó ń tòògbé lẹ́yìn òkìtì yanrìn á ti dìde mú ṣọ́bìrì. Kò sẹ́ni tó mọ ilé tà tó o. Tí oníbàárà bá dé, kò ní ṣílẹ̀kùn fún un. Kọ́kọ́rọ́ ló máa fi lé e lọ́wọ́, á sì sún sẹ́yìn. "Ẹ ṣí ilé yín," ni yóò wí. Oníbàárà tí kò tíì sọ pé òun máa rà á á kàn rí i pé òun ti ń fọwọ́ ara òun ṣílẹ̀kùn, á sì wọlé bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Ilé kìn-ín-ní ni ilé àfihàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́ kí èèyàn tọ́ ayé tó fẹ́ rà wò. Àṣẹ Ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn ilé náà ni pé gbogbo ohun tó ń lo iná níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí géètì láàárọ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá tì í: ẹ̀rọ amúlétutù nínú yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tẹlifíṣọ̀n méjì, fìríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń yí omi lásán láìsí aṣọ kankan nínú rẹ̀, àti gílóòbù mọ́kànlélógójì tó ń tàn lọ́sàn-án gangan. "Oníbàárà ò ra sólà," Ọ̀gá máa ń sọ. "Ìgbádùn ló ń rà. Ìgbádùn tí ò bá pariwo, ta ló máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Ó tán." Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń fi "ó tán" parí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Ó-Tán tí kò bá sí nítòsí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán.

Ṣùgbọ́n ohun tí Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ fi ń yangàn jù ni pátákó ìpolówó. Òun ló ronú rẹ̀. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ orí rẹ̀: OÒRÙN Ń YỌ FÚN YÍN LÓJOOJÚMỌ́, Ẹ ṢÍLẸ̀KÙN FÚN UN. Àwòrán tirẹ̀ náà ló wà níbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó gbé kọ́kọ́rọ́ kan sókè. Kò fẹ́ kó rí bíi pátákó yòókù tó kàn dà bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó ní kí káfíńtà gé òkè rẹ̀ tẹ̀lé àwòrán, kí orí òun àti ọwọ́ tó di kọ́kọ́rọ́ mú yọ sókè gedegbe. Káfíńtà fẹ́ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn géètì, níbi tí ilẹ̀ ti le. Àǹtí kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé kìn-ín-ní gan-an ló fẹ́, lápá ọ̀nà ńlá, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rí pátákó kó sì rí ilé pa pọ̀. Wọ́n jiyàn títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Ta ló lè bá a jiyàn kó borí? Ibi tó fẹ́ náà ni wọ́n rì í sí.

Ẹni tó fa iná sí ilé méjèèjìlá, tó sì gbé àwọn páànẹ́lì dúdú tó ń gba oòrùn sórí òrùlé wọn, ni Bàbá Oníná. Ó ti lé lógójì ọdún tí bàbá yìí ti ń ṣiṣẹ́ iná. Nígbà tó pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá àga tí wọ́n máa fẹ̀yìn tì, òun lọ jókòó sí kíláàsì láàárín àwọn ọmọ tó lè bí, ó kọ́ iṣẹ́ sólà fún oṣù mẹ́sàn-án, ó sì gba ipò kejì nínú ìdánwò. Ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní ṣì ń pè é lórí fóònù títí dòní láti bi í ní ìbéèrè.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ níbi iṣẹ́ ni pé Bàbá Oníná ló bí Àǹtí Kọ́kọ́rọ́. Ọmọ ti wà ní ilé iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́ta kí bàbá tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ìwé ẹ̀rí wá, bàbá ló sì ní kó pa á mọ́. "N ò fẹ́ kí wọ́n ní torí ọmọ mi ni wọ́n ṣe gbà mí," ló wí. "N ò sì fẹ́ kí wọ́n ní iṣẹ́ bàbá ẹ lo ń pọ́n. Jẹ́ kí iṣẹ́ fẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀." Torí náà, bí wọ́n bá pàdé láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù, ọmọ á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Oníná," bàbá á dáhùn pé, "O ṣé o, Àǹtí," wọ́n á sì kọjá lára wọn bí ẹni tí kò jọ jẹun nínú àwo kan náà láàárọ̀. Ilé ni wọ́n ti máa ń fi í rẹ́rìn-ín.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí pátákó lo ọ̀sẹ̀ kan lórí ìdúró. Tọkọtaya kan wá wo ilé. Àǹtí ti mú wọn dé ilé ìdáná, ìyàwó ti ń fojú wọn fèrèsé láti mọ aṣọ tó máa ta sí i, ni gbogbo ilé bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fìríìjì dákẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ṣú. Ẹ̀rọ ìfọṣọ yí ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, ó dúró. Aago mẹ́rin kò tíì kọjá ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ọkọ yọrí lójú fèrèsé, ó wo oòrùn tó ń ràn yanranyanran lókè, ó wá bi Àǹtí pé, "Ṣé oòrùn tiyín ti ṣíwọ́ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kí i pé ó kú iṣẹ́, wọn ò sì padà wá mọ́.

Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àti lọ́sẹ̀ tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Bí aago mẹ́rin bá ti ń sún mọ́, ilé kìn-ín-ní á kú mọ́ oníbàárà lójú, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni àwọn èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ wá wo ilé. Nínú ilé méjìlá, ẹyọ kan ò tíì tà. Ọ̀gá bá ránṣẹ́ pe Bàbá Oníná sí ọ́fíìsì.

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, ó ń to ìwé sínú fáìlì. Bàbá rẹ̀ wọlé, ó ṣí fìlà, ó dúró níwájú ẹni tí àbúrò rẹ̀ ìkẹyìn fi ọdún méje jù lọ.

"Bàbá, kí ló ń ṣe ilé yẹn?"

"Mò ń wò ó, ọ̀gá."

"Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ ti ń wò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Màá yanjú ẹ̀."

Bàbá dé fìlà rẹ̀ padà. Nígbà tó jáde, Ọ̀gá mi orí. "Ọjọ́ orí ti dé sí bàbá yẹn. Iṣẹ́ tuntun ò ṣeé kọ́ sórí ewú. Sátidé tó ń bọ̀, àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń bọ̀ wá wo ilé, mẹ́wàá ni wọ́n, wọ́n fẹ́ jọ máa gbé ní òpópónà kan. Tí ilé yẹn bá tún kú lójú wọn, mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn, màá sì rí i pé gbogbo ẹni tó ń kọ́lé ló gbọ́ ìdí tí mo fi gbà á. Ó tán."

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, gbájú mọ́ fáìlì. Ó to ìwé, ó tú u, ó tún un tò. Ojú tì í. Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló ń tì í lójú, ara rẹ̀ ni, nítorí ó jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń pe ẹni tó bí i ní aláìmọ̀ṣẹ́, ó sì ń to fáìlì.

Nílé, bí bàbá ṣe jókòó láti bọ́ bàtà, ó lọ jókòó tì í. "Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ sọ fún mi. Kí ló ń ṣe iná yẹn?"

"Iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ a máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì."

Ẹ wò ó, ọkùnrin yìí kan náà ni gílóòbù ilé ìwẹ̀ máa jó, tó máa fi odidi ìrọ̀lẹ́ ṣàlàyé ohun tó pa á fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣèèṣì jókòó tì í. Òun ló wá ń sọ pé iṣẹ́ a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹtí wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ, kò gbójú sókè. "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀," ló kàn wí, ó sì fi ìyókù òwe náà sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Bàbá gbé bàtà rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Èrò kan tí ọmọ kò fẹ́ bá wá sọ́kàn rẹ̀: bóyá òótọ́ ni Ọ̀gá sọ. Bóyá ọjọ́ orí ti dé lóòótọ́. Kí bàbá tó dìde, ó ti yọjú wo ọwọ́ rẹ̀ lórí okùn bàtà, bóyá ó ń gbọ̀n. Kò gbọ̀n rárá. Inú bí i sí ara rẹ̀ pé òun wò ó.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó lọ sí ilé kejì láti ṣí fèrèsé kí òórùn ọ̀dà lè jáde. Ilé kìn-ín-ní jẹ́ ilé ilẹ̀, ilé kejì jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, torí náà, láti yàrá òkè, èèyàn á máa rí òrùlé ilé kìn-ín-ní kedere. Àǹtí kò tíì gòkè débẹ̀ láti ọjọ́ tí pátákó ti dúró. Ó rí páànẹ́lì méjìlá tó tò ní ìlà méjì, tí bàbá rẹ̀ fi okùn wọ̀n kí ọ̀kan má ṣe yọ ju èkejì lọ. Nǹkan dúdú kan wà lórí ìlà kejì. Ó rò pé tapólì ni wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ó fẹ́ pe ẹni tó máa lọ kó o, kó tó rí i pé tapólì náà ní etí. Ó ní irun tí wọ́n kó sókè. Ó ní apá tó nà jáde, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Orí rẹ̀ ni. Òjìji orí òun fúnra rẹ̀, tó fẹ̀ ju tábìlì ìjẹun lọ, ló nà gbalaja sórí iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

Ó dúró lójú fèrèsé yẹn fún wákàtí kan gbáko. Bí oòrùn ṣe ń gba ẹ̀yìn pátákó sọ̀kalẹ̀ ni òjìji náà ń gùn sí i. Ó bo páànẹ́lì mẹ́ta, ó bo márùn-ún, ó bo méje. Ó sì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, nítorí òun ló ń bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè nígbà tó ń kàwé ìdánwò. Bàbá ní àwọn páànẹ́lì ìlà kan dà bí èèyàn mẹ́fà tó jọ ru ìtì igi kan: bí ẹnì kan bá túwọ́ sílẹ̀, gbogbo wọn ló máa dúró. Bí òjìji bá ti kan ìlà méjèèjì lọ́sàn-án, kò sí ohun tó ń wọ inú bátìrì mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin ń fà á nísàlẹ̀, gílóòbù mọ́kànlélógójì ń fà á, ẹ̀rọ ìfọṣọ ń fi í yí omi lásán. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin, ó ti gbẹ.

Bàbá Oníná wà ní ilé kẹsàn-án, ó ń de ojú iná mọ́ ògiri. Ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá mi," ló wí. Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ rí. "Pátákó yẹn ni."

Bàbá fi irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo rí i. Mo rí orí ara mi lórí òrùlé. Ìgbà wo lẹ̀yin ti rí i?"

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dúró."

"Láti ọjọ́ yẹn? Ó ti ń lọ sí oṣù kan, Bàbá. Ọ̀gá ń bú yín lójú mi. Gbólóhùn kan ni ẹ bá sọ. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́?"

Bàbá nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ọwọ́ tí kò ní ìdọ̀tí kankan.

"Wò ó, ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Inú ògiri ni mò ń sin ín sí. Wáyà tójú bá ń rí, a jẹ́ pé wọn ò ṣe é dáadáa ni. Tí mo bá parí, bíríkìlà á rẹ́ ẹ, ẹni tó ń kun ọ̀dà á kùn ún, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa wọlé lọ́la kó béèrè pé ta ló fa iná yìí. Kò dùn mí. Bíṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn." Ó fọwọ́ kan ògiri. "Mo wá ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ojú ọmọ mi lójú ọ̀nà ńlá, ó ga ju igi lọ, gbogbo mọ́tò ń wò ó. Ẹni tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ní, ọmọbìnrin yìí mà yẹ ibi tí wọ́n gbé e sí o. Mo ní ọmọ mi ni. Kò gbà mí gbọ́, àmọ́ mo ti sọ ọ́. Ṣé èmi ni màá wá lọ bá wọn pé kí wọ́n gbé e wálẹ̀?"

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Inú ń bí i, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á, kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ ṣe.

"Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe," bàbá ní. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá tú àwọn páànẹ́lì yẹn, màá rọra gbé wọn sí apá kejì òrùlé. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ọ̀la ni Sátidé, Bàbá mi."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí, ó sì mú irinṣẹ́ rẹ̀.

Bàbá ń fi ẹnu pamọ́ nítorí ọmọ, ọmọ ń fi ẹnu pamọ́ nítorí bàbá, ìfẹ́ ò jẹ́ kí iṣẹ́ rójú oòrùn. Kí Àǹtí tó ti géètì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ ilé kìn-ín-ní, ó pa gbogbo nǹkan níbẹ̀, títí kan ẹ̀rọ ìfọṣọ tí kò fọ aṣọ rí; lọ́tẹ̀ yìí, kò ní tan wọ́n padà láàárọ̀, kí bátìrì lè kún. Lẹ́yìn náà ó pe káfíńtà.

Káfíńtà dé ní aago méje àárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Ó wo pátákó, ó wo Àǹtí. "Ẹ̀yin náà lẹ ní ká gbé e síbí o. A jiyàn ẹ̀ títí."

"Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi wálẹ̀."

Káfíńtà fi ayọ̀ ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, pátákó ti wà lórí koríko lẹ́bàá ọgbà, ó dojú kọ sánmà, ó ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí buwọ́ lu ìwé ẹnu géètì pé òun ló pàṣẹ, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oòrùn ọjọ́ náà yọ dáadáa, kò sí nǹkan kan láàárín òun àti òrùlé ilé kìn-ín-ní mọ́.

Ní aago méjì, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré kan já àwọn tíṣà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀, Ọ̀gá Ó-Tán sì ti mọ́tò tirẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Olórí wọn ni Ìyá Tíṣà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi okùn so awò ojú kọ́rùn, tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ó mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́, ó ti fa ìlà sí i. Ọ̀gá yà sí ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú ẹ̀rín, ó na ọwọ́ sí ibi tí pátákó wà kó tó rí i pé afẹ́fẹ́ lòun ń nawọ́ sí.

"Pátákó mi dà?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e wálẹ̀, ọ̀gá," Àǹtí dáhùn.

"Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ pé kó máa fi kí oníbàárà káàbọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti ń wà. Ó gbé e mì. Ó yíjú sí àwọn tíṣà, ó sì sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí: pé òun ló ní kí wọ́n rì í síbẹ̀, pé òjìji rẹ̀ ló ń bo sólà ilé yìí lọ́sàn-án, pé ilé náà ti kú mọ́ ọ̀pọ̀ oníbàárà lójú nítorí ẹ̀. Ẹ̀rín ta láàárín wọn. Ìyá Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó yé mi. Pátákó tí ẹ fi ń polówó oòrùn ló ń dí oòrùn lọ́nà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀. "Ta ni wọ́n wá dá lẹ́bi?"

"Bàbá tó fa iná, mà. Wọ́n ní kò mọṣẹ́." Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ mí kanlẹ̀. "Bàbá mi ni."

Ọ̀gá yíjú pìrì. "Bàbá ta?"

"Bàbá tó bí mi lọ́mọ, ọ̀gá. Bàbá Oníná. Mo jókòó síbẹ̀ tẹ́ ẹ ń bú u létí mi, mi ò lanu. Tí ilé yìí bá kú lónìí, ẹ lé àwa méjèèjì lọ. Ó tán."

Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn bọ́ lẹ́nu òun. Àwọn bíríkìlà tó wà lórí ilé kẹta bú sẹ́rìn-ín, àwọn tíṣà ò sì mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Àǹtí fi kọ́kọ́rọ́ lé Ìyá Tíṣà lọ́wọ́, Ìyá Tíṣà ṣílẹ̀kùn. Ó ń ti yàrá dé yàrá, òun fúnra rẹ̀ ló ń tan gbogbo nǹkan, ó sì ń fàmì sí ìwé rẹ̀ bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Nígbà tó tan ẹ̀rọ amúlétutù kẹrin, ó dúró. "Ṣé ilé yìí lè gbé gbogbo eléyìí tọ̀sán-tòru?"

Ọ̀gá ti la ẹnu, ṣùgbọ́n Àǹtí ti dáhùn. "Rárá, mà. Méjì ló lè gbé mọ́jú, pẹ̀lú fìríìjì, fáànù àti iná gbogbo yàrá. Mẹ́rin, ẹ máa rán an níṣẹ́ tó ju agbára ẹ̀ lọ." Ọ̀gá húkọ́. Ìyá Tíṣà kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń béèrè nípa omi, nípa òjò, nípa bí bátìrì ṣe ń pẹ́ tó. Àǹtí ń dáhùn, ojú rẹ̀ sì wà lára aago ògiri. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago mẹ́rin. Ọ̀gá náà ti ń wo aago. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Fìríìjì ń kùn nínú ilé ìdáná, obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ kọjá. Nígbà tí aago márùn-ún lù, tí gílóòbù kan kò tilẹ̀ ṣẹ́jú, Àǹtí rí i pé òun ti di kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá yòókù mú débi pé wọ́n ti ya àmì sí àtẹ́lẹwọ́ òun.

Ìyá Tíṣà pa ìwé rẹ̀ dé. "Mo fẹ́ rí ẹni tó fa iná yìí."

Wọ́n lọ pe bàbá wá láti ilé kẹsàn-án, ibi tó ti ń de ojú iná kan ṣoṣo láti ọ̀sán, tó ń dè é tó ń tú u. Ó wọlé pẹ̀lú erùpẹ̀ lórí, ó kí wọn. Ìyá Tíṣà ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ ṣí ibi tí ẹ kó wáyà sí fún mi. Mo fẹ́ rí inú ẹ̀."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ mi orí sí i. Ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára ògiri.

Ẹ bá mi wò ó. Wáyà pupa, wáyà dúdú, wáyà aláwọ̀ ewé, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsí èyí tó gun èkejì. Ibi tí ọ̀kan bá ti yà, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti yà, igun kan náà, ìwọ̀n kan náà. Bébà kékeré wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ yàrá tó ń lọ sí i. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó yẹ kó rí i. Àwọn àgbàlagbà mẹ́wàá kóra jọ síwájú ògiri bí ẹni tó wá wo ọmọ tuntun.

Ìyá Tíṣà gbé awò sójú, ó fi ìka tẹ̀lé àwọn bébà náà, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọwọ́ ìkọ̀wé yín mọ́," ló wí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nílé ìwé á mọ̀ pé kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Ó wá yíjú sí Ọ̀gá. "Ojúlówó iṣẹ́ rèé. Ẹ kó o pamọ́ sínú ògiri, ẹ wá ń tan gílóòbù fún mi lọ́sàn-án."

Ọ̀gá Ó-Tán sún mọ́ ògiri. Ọdún kẹrìndínlógún rẹ̀ nídìí ilé kíkọ́ rèé, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú irú àpótí yẹn rí. Ó wò ó títí. "Bàbá, ẹ má bínú," ló sọ níkẹyìn. A dúró, a dúró, kò fi "ó tán" sí i.

Ilé mẹ́ta ló tà lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó kù ní àwọn ń lọ rò ó. Ìyá Tíṣà mú ilé karùn-ún, ó sì ní òun ò fẹ́ kí àpótí iná wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pálọ̀ ni kí wọ́n gbé e sí, níbi tí àlejò á ti rí i. Pátákó náà tún dìde ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn géètì, níbi tí káfíńtà ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Káfíńtà ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ṣì ń fi kọ́kọ́rọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́, ó ṣì ń sọ pé kí wọ́n ṣí ilé wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọlé, kò ní tan nǹkan kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa mú wọn lọ, á tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, á ṣí ilẹ̀kùn kékeré ara ògiri.

"Bàbá mi ló ṣe é," ni yóò wí. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi yìí á wá sún sẹ́yìn, á dákẹ́, kí wọ́n lè wò ó dáadáa.